Àwọn ẹnà àtijọ́ nínú kernel Linux

Àwọn ẹnà àtijọ́ nínú kernel Linux ni àwọn ìlànà ìfọ̀rọ̀pamọ́ tí ìgbà wọn ti kọjá, ṣùgbọ́n tí kóòdù wọn ṣì wà nínú kernel Linux, tàbí tí ó wà níbẹ̀ títí di àìpẹ́ yìí. Kernel ni apá ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí ó wà nísàlẹ̀ pátápátá: òun ni ó ń pín ààyè ìrántí fún àwọn ètò yòókù, òun náà ni ó ń bá díìsìkì àti ẹ̀rọ Wi-Fi sọ̀rọ̀. Kernel Linux ni ó wà nídìí àwọn fóònù Android àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí ó ń gbé ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì jáde. Nítorí náà, ìpinnu tí àwọn olùtọ́jú rẹ̀ bá ṣe lórí ẹnà kan máa ń dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò gbọ́ orúkọ ẹnà náà rí.

Nínú èdè Yorùbá, ẹnà ni èdè àdììtú tí àwọn tí ó gbọ́ ara wọn yé fi ń sọ̀rọ̀ láàárín àwùjọ, nípa fífi sílébù kún ọ̀rọ̀ kí etí ẹlòmíràn má baà gbà á. Ìyàtọ̀ kan wà. Ẹni tí ó bá ti mọ ìlànà ẹnà ẹnu ti gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, ṣùgbọ́n ẹnà kọ̀ǹpútà kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ayé ni ó lè ka ìlànà rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà gígùn kan, nìkan ni àṣírí.

Bí ẹnà ṣe ń gbó

Ẹnà lè gbó nítorí pé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrú. Ìjọba Amẹ́ríkà gba DES gẹ́gẹ́ bí ìlànà ní 1977, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ bíìtì 56. Ní 1998, àjọ Electronic Frontier Foundation kan ẹ̀rọ kan tí owó rẹ̀ kò tó $250,000, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí ó máa dán kọ́kọ́rọ́ wò lọ. Láàárín wákàtí 56, ó rí èyí tí ó tọ̀nà. AES, iṣẹ́ Joan Daemen àti Vincent Rijmen, àwọn ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, di ìlànà tuntun ní 2001.

Ó sì lè jẹ́ pé inú ìlànà náà fúnra rẹ̀ ni àléébù wà. Ron Rivest ṣe RC4 ní 1987. Àṣírí rẹ̀ tú ní 1994. Ó kúrú, ó sì yára, nítorí náà WEP, ìlànà ààbò àkọ́kọ́ fún Wi-Fi, lò ó. Ní 2001, Scott Fluhrer, Itsik Mantin àti Adi Shamir fi àléébù rẹ̀ hàn. Nígbà tí ó fi di 2007, àwọn olùwádìí ní Darmstadt ní Jámánì ti lè rí kọ́kọ́rọ́ WEP láàárín ìṣẹ́jú kan. Ní OpenBSD, iṣẹ́ arc4random tí ó ń pèsè nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀ ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ChaCha20 ti gba ipò RC4 nínú rẹ̀ láti ìran 5.5 ní 2014. Orúkọ nìkan ni ó ṣẹ́kù.

Ìdí tí kò fi rọrùn láti yọ ẹnà kúrò

Ènìyàn lè rò pé ẹnà tí ó ti bàjẹ́ kò yẹ kí ó sun ọjọ́ kan sí i nínú kernel. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi ẹnà kan tì, ẹnà yẹn nìkan ni ó lè ṣí i. Ẹni tí ó ti fáìlì rẹ̀ mọ́ orí díìsìkì ní ọdún 15 sẹ́yìn kò ní rí ìtùnú nínú àlàyé nípa àìlera ẹnà náà, bí kernel tuntun kò bá lè ka díìsìkì rẹ̀ mọ́. Bákan náà ni ẹ̀rọ Wi-Fi tí kò mọ ìlànà mìíràn ju WEP lọ, tàbí TKIP tí ó rọ́pò rẹ̀ tí òun náà ń lo RC4. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kì í kú nígbà tí ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á bá jù ú nù. Ó lè di tòkunbọ̀ ní Computer Village ní Ìkẹjà, kí ó tún lo ọdún mélòó kan sí i ní ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn.

Òfin kan tún wà tí Linus Torvalds, ẹni tí ó dá Linux sílẹ̀, kì í fi ṣeré: kernel tuntun kò gbọ́dọ̀ ba ètò tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kernel àtijọ́ jẹ́. Láti 2011, nígbà tí kernel 2.6.38 jáde, ẹnu ọ̀nà kan tí à ń pè ní AF_ALG ti wà, tí ètò èyíkéyìí lè gbà bẹ kernel pé kí ó bá òun fi ẹnà pa dátà mọ́. Ibẹ̀ ni ìṣòro wà. Àwọn olùtọ́jú kernel lè yẹ kóòdù tiwọn wò láti mọ ibi tí ẹnà kan ti ń ṣiṣẹ́. Wọn kò lè yẹ gbogbo ètò tí ó wà láyé wò.

RC4 ní 2020

Ní 2020, Ard Biesheuvel, ọ̀kan nínú àwọn tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí apá ẹnà nínú kernel, fẹ́ kí RC4 kúrò lẹ́nu ọ̀nà yìí. Ṣùgbọ́n oníbàárà ṣì wà: iwd, ètò tí ó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ mọ́ Wi-Fi, àti libell tí iwd gbára lé, ń gba AF_ALG lo RC4. Bí wọ́n bá kàn yọ ọ́, iṣẹ́ wọn ì bá dàrú.

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ṣe é. Apá kernel tí ó ń bójú tó Wi-Fi gba RC4 tirẹ̀ sí abẹ́nú, níbi tí ètò ìta kò lè dé, nítorí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ṣì nílò rẹ̀. Àwọn tí ó ń kọ iwd àti libell fi RC4 sínú kóòdù tiwọn. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó fi àmì ohun tí ìgbà rẹ̀ ti kọjá sára RC4 tí ó kù lẹ́nu ọ̀nà ìta. Ètò tí ó bá ṣì wá kan ilẹ̀kùn yóò rí ohun tí ó ń wá gbà, ṣùgbọ́n kernel yóò kọ orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ pẹ̀lú ìkìlọ̀.

Ìkìlọ̀ yìí ni ó gbọ́n jù nínú gbogbo ètò náà, nítorí ìbéèrè tí kò ní ìdáhùn tẹ́lẹ̀, ìyẹn ta ni ó ṣì ń lo ẹnà yìí, ti di èyí tí a lè dáhùn. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ka àkọsílẹ̀ náà nìkan ni ó ń rí i. Lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́, ẹnìkan lè kà á; nínú ẹ̀rọ Wi-Fi kékeré tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, kò dájú pé ẹnikẹ́ni yóò kà á láé.

Anubis, Khazad, SEED àti TEA náà gba àmì ní ọdún kan náà, ó sì yẹ kí a ṣọ́ra níbí. TEA, iṣẹ́ David Wheeler àti Roger Needham ní Cambridge ní 1994, ní àléébù tí ó hàn gbangba. Ṣùgbọ́n SEED jẹ́ ẹnà àwọn ará Kòríà Gúúsù, Anubis àti Khazad sì jẹ́ iṣẹ́ Rijmen tí a dárúkọ lókè pẹ̀lú Paulo Barreto ọmọ Brazil. Kì í ṣe pé ẹnìkan ti já wọn; ohun tí wọ́n fi kan wọ́n ni pé kò sí apá kernel kankan tí ó ń lò wọ́n. Àmì kan náà ni ẹnà tí ó bàjẹ́ àti ẹnà tí kò ní oníbàárà jọ ń gbé, ẹni tí ó bá ka àmì náà nìkan kò sì lè mọ ìyàtọ̀.

Ọ̀nà tí àwọn mìíràn gbà

FreeBSD, ètò ìṣiṣẹ́ tí kernel tirẹ̀ kì í ṣe Linux, le ju bẹ́ẹ̀ lọ. GELI ni apá rẹ̀ tí ó ń fi ẹnà ti díìsìkì. Ní 2019, wọ́n fi ìkìlọ̀ sí i nípa Blowfish àti 3DES; ní ìran 13, tí ó jáde ní 2021, méjèèjì ti kúrò. Ẹni tí ó gbọ́ ìkìlọ̀ ní àyè láti da dátà rẹ̀ kọ sórí díìsìkì mìíràn. Ẹni tí kò gbọ́ ní láti wá FreeBSD àtijọ́ kan kí ó tó lè ṣí tirẹ̀.

Ìtàn Speck fi hàn pé ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni ó ń lé ẹnà jáde. NSA, àjọ amí Amẹ́ríkà, ni ó ṣe é. Google fẹ́ ẹ fún àwọn fóònù Android olówó pọ́ọ́kú tí ẹ̀rọ inú wọn kò ní ìrànwọ́ fún AES, kernel 4.17 sì gbà á wọlé ní 2018. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fọkàn tán orísun rẹ̀. Google yí padà, ó gbé Adiantum kalẹ̀, Speck sì jáde ní kernel 4.20 kí ọdún náà tó parí. Ó rọrùn nítorí pé kò tíì sí díìsìkì ẹnikẹ́ni tí ó gbára lé e.

Ní ti RC4 àti àwọn mẹ́rin yẹn, ẹni tí ó bá ń ṣètò kernel 5.10, tí ó jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, yóò pàdé ìbéèrè kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CRYPTO_USER_API_ENABLE_OBSOLETE: ṣé kí àyè ṣì wà fún àwọn ẹnà tí ìgbà wọn ti kọjá? Ìdáhùn tí wọ́n ti kọ síbẹ̀ dè é ni bẹ́ẹ̀ ni.