Ara Tó Ń Dán La Fẹ́, Kì Í Ṣe Ara Tí A Bó

Ọ̀rọ̀ ara wa ni mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí.

Ó ti di àṣà láàárín wa pé kí ẹni mẹ́ta mẹ́rin dáwó jọ, kí wọ́n ra ìpara tí ẹnì kan pò sínú ike. Ike yẹn kò ní orúkọ, kò ní ọjọ́, kò ní nọ́ńbà NAFDAC. Wọ́n á ní, "Ó máa ń jẹ́ kí ojú dán." Èmi ò fara mọ́ ọn rárá. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, kí n sì sọ ohun tó yẹ ká máa ṣe dípò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo èdè wa. Tí àwọn baba wa bá ń yin ẹni dúdú, "adúmáadán" ni wọ́n ń pè é. Tí wọ́n bá ń yin ẹni pupa, wọ́n á ní "apọ́nbéporẹ́." Wọn ò ní kí adúmáadán lọ pọ́n, wọn ò sì ní kí apọ́nbéporẹ́ lọ dúdú. Ọlọ́run ló fún kálukú ní àwọ̀ tirẹ̀, ìtọ́jú ló ń mú kí ó dán. Ìtọ́jú ọ̀hún ò sì le. Fún àwa tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, ohun mẹ́ta péré ni.

Àkọ́kọ́ ni fífọ. Ká fi omi àti ọṣẹ tí kò le fọ ojú láàárọ̀ àti lálẹ́. Ọwọ́ ni ká fi fọ̀ ọ́, ká má fi kànìnkànìn ha á bí ẹni ń ha ìdí ìkòkò. Tá a bá gbá bọ́ọ̀lù tán tàbí tá a gé koríko tán, ká ṣan òógùn kúrò. Ọṣẹ dúdú dára o, àmọ́ epo àti eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, bí eérú èèpo kòkó tàbí ti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀. Eérú yẹn máa ń jẹ́ kí ara gbẹ. Díẹ̀ ni ká lò sójú, ká sì tètè ṣan án kúrò.

Èkejì ni ìpara. Ìgbà tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀, tí omi ò tíì gbẹ tán lára, ló yẹ ká para, torí ìpara kì í jẹ́ kí omi yẹn sá kúrò lára. Òrí àti Vaseline dára fún apá àti ẹsẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ẹni tó bá máa ń yọ irorẹ́, kó má fi òrí tàbí òróró àgbọn kun ojú, kó wá ìpara tó fúyẹ́.

Ẹ̀kẹta ni oòrùn. Etí ọ̀sà ni àwa ará Iwopin ń gbé. Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ́sàn-án mọ̀ pé oòrùn á máa ti òkè wá, á tún máa ti ojú omi tàn padà sójú ẹni. Melanin tó mú kí ara wa dúdú ń gbèjà wa, ṣùgbọ́n kò lè dá a ṣe. Ká dé fìlà, ká dúró sábẹ́ ibòji. Ẹni tí owó rẹ̀ bá ká a, kó ra sunscreen tí wọ́n kọ SPF 30 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí lára.

Ó tán! Àmọ́ ká ní sùúrù. Awọ ara máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó sọ ara rẹ̀ di tuntun. Má para lónìí kó o wá máa wo dígí láàárọ̀ ọ̀la.

Irorẹ́ ńkọ́? Ẹ má fi oní-irorẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Kì í ṣe pé ó dọ̀tí. Tá a bá ń bàlágà, ara máa ń ṣe ọ̀rá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ọ̀rá náà á dí ojú ihò awọ, ibẹ̀ á sì wú. Má tẹ̀ ẹ́, má fi ọṣẹ ìfọyín sí i, má sì fi osàn wẹ́wẹ́ ra á, torí osàn wẹ́wẹ́ àti oòrùn lè jó awọ. Tó bá pọ̀ tàbí tó ń dunni, ká lọ rí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà.

Ẹ wá gbọ́ nípa ìpara inú ike. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bá nínú irú rẹ̀ ni hydroquinone, steroid tàbí makúrì. Tí hydroquinone bá pẹ́ lára, ó lè sọ ojú àti oríkèé ọwọ́ di dúdú kirikiri. Steroid ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, egbò kì í sì í tètè jinná. Tí wọ́n bá fi pa làpálàpá, ó lè dà bíi pé ó ti ń lọ, kó sì máa tàn kálẹ̀ sí i. Makúrì ń ba kíndìnrín jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tòní. Ọdún 1976 ni Fela Anikulapo-Kuti, ọmọ Abẹ́òkúta ní ìpínlẹ̀ wa yìí, kọ orin "Yellow Fever" láti bu ẹnu àtẹ́ lu bíbó ara. Síbẹ̀, nínú ìwé kan tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé jáde lọ́dún 2011, wọ́n kọ ọ́ pé obìnrin 77 nínú 100 ní Nàìjíríà ló ń lo ìpara tó ń bóra. South Africa ti fòfin de hydroquinone nínú ìpara láti ọdún 1990, Gánà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún 2016.

Àwọn kan á ní, "Ara mi ni, kí ló kàn ẹ́?" Òótọ́ ni, ara ẹ ni. Àmọ́ kí ló gbé ẹ dé ìdí ike yẹn? Ṣebí àwa náà là ń pe ẹni dúdú ní "Blackie" tá a sì ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi o: tí àlejò bá ń bọ̀, tá a fẹ́ yan ọmọ tó máa gbé òdòdó fún un, ṣé ẹ ti ṣàkíyèsí irú àwọ̀ tá a sábà máa ń yàn? Ọmọ tó bá rí ìyẹn lẹ́ẹ̀mẹta, kò dìgbà tẹ́nì kan bá sọ fún un kó tó lọ ra ìpara.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Ìkíní, kí wọ́n má ta ìpara inú ike nínú kíláàsì mọ́, kí olùkọ́ Biology sì bá wa sọ̀rọ̀ lórí awọ ara níbi àpéjọ àárọ̀. Ìkejì, kí wọ́n máa gbé omi àti ọṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá. Ìkẹta ló jẹ mí lógún jù: kí wọ́n gba àwọn àfín láàyè láti dé fìlà ẹlẹ́tí fẹ̀ǹgẹ̀, kí wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn, kí wọ́n sì dúró síbi tó ní ibòji nígbà àpéjọ àti eré ìdárayá. Melanin tó ń gbèjà wa kò tó lára tiwọn, jẹjẹrẹ awọ sì lè tibẹ̀ wá. Ìyẹn kì í ṣe ojúsàájú, ìlera ni.

Ẹni tí kò bá gbà pẹ̀lú mi, kó kọ èsì rẹ̀ wá fún ẹgbẹ́ oníròyìn. A óò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yìí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.