Ẹ Jẹ́ Ká Yé Fi Súìtì Ṣe Ṣéńjì Fọ́mọ

  Ẹ̀yin ìyálọ́jà wa, ẹ̀yin ọlọ́jà gbogbo, ọ̀rọ̀ kan wà tí a fẹ́ bá ara wa sọ lónìí, ọ̀rọ̀ eyín àwọn ọmọ wa ni.

Ká tó bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Àwa tí à ń kọ ìwé yìí, súìtì àti bisikíìtì wà nínú ọjà tí à ń tà. Ọmọ-ọmọ wa kan máa ń bá wa jókòó ní ìsọ̀. Bó bá ti sunkún báyìí, a ó fún un ní súìtì kan ká lè ráyè dá oníbàárà lóhùn. Ọmọ á dákẹ́, inú wa á dùn. Nígbà tó pé ọmọ ọdún 4, kò sùn lóru mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ wú. Eyín 2 ni dókítà yọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ọjọ́ 3 la ò fi pàtẹ. Owó tí a ná ju èrè tí a jẹ lórí súìtì lọ́dún yẹn lọ.

Wọ́n ní adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro. Ti súìtì ò rí bẹ́ẹ̀ o: adùn ló ń ṣáájú, ìkorò ló ń gbẹ̀yìn.

Jẹ̀díjẹ̀dí la fi ń dẹ́rù ba ọmọ tó fẹ́ràn ṣúgà, a gbàgbé eyín. Ohun tí dókítà là yé wa nìyí. Kòkòrò tíntìntín tójú ò lè rí wà lẹ́nu gbogbo wa. Ṣúgà ni oúnjẹ wọn. Bí wọ́n bá jẹ ẹ́ tán, wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan, omi kíkan yìí ló ń jẹ eyín díẹ̀díẹ̀ títí á fi lu. Gbogbo ìgbà tí ọmọ bá lá súìtì, ó tó ìdajì wákàtí tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí itọ́ tó borí omi kíkan náà. Ọmọ tó bá ń lá a lọ́kọ̀ọ̀kan láti àárọ̀ di alẹ́, eyín rẹ̀ ò ráyè sinmi. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọmọ ọjà: ìyá ẹ̀ fún un ní kan, aláta fún un ní kan, oníbàárà tún fún un ní kan.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí eyín ọmọdé ni, á yọ, òmíràn á hù." Ẹ gbọ́ o. Bí ọmọ bá tó bí ọdún 6, eyín ńlá kan ń hù lẹ́yìn gbogbo eyín tó wà lẹ́nu rẹ̀, láìjẹ́ pé ìkankan yọ níbẹ̀. Eyín àgbà nìyẹn. Bó bá jẹrà, kò sí òmíràn mọ́.

A ò ní kẹ́nikẹ́ni má ta súìtì. Àtijẹ ni. Nǹkan 2 là ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Èkínní ni ṣéńjì. Bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ bá wá rajà, tí kò sí ₦50 tí a ó fún un, súìtì là ń kó lé e lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ò bẹ̀ wá, ọmọ á sì ti lá a tán kó tó délé. Ẹ̀pà ńkọ́? Ìṣáná ńkọ́? Kí aláta bu ata kún un. Bí kò bá sí rárá, ká kọ ọ́ sílẹ̀ dọ̀la.

Èkejì ni ẹkún. Ọmọ tó ń sunkún ní ìsọ̀, ebi lè máa pa á, oorun lè máa kùn ún. Ẹ fún un lómi, ẹ fún un ní àkàrà tàbí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bó bá máa lá súìtì, kó jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ, lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ìgbà tó fẹ́ sùn.

Láàárọ̀ àti lálẹ́, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọṣẹ ìfọyín tó ní flúráìdì fọ eyín wọn. Ìwọ̀n hóró ìrẹsì kan tó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3.

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àwa làgbà ọ̀hún, ọjà wa sì rèé. Bórí ọmọ ò bá gbọdọ̀ wọ́ lójú wa, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí eyín rẹ̀ jẹrà lọ́wọ́ wa. A ó gbé ọ̀rọ̀ ṣéńjì yìí wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Kí kálukú wá sọ tẹnu ẹ̀.

Ọjà á tà o.