Orúkọ Wo Ni Wọ́n Kọ fún Àwọn Bàbá Wa ní Bọ́mà?

Ọ̀pọ̀ ilé ni ó wà ní ilẹ̀ wa tí ọmọ wọn bá Ogun Hítílà lọ sí Bọ́mà, tí a kò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ka ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà jà níbẹ̀ ní 1944 àti 1945. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Nàìjíríà. Isaac Fadoyebo ará Emùré-Ilé, tí ó farapa ní àfonífojì Kaladan, yè é, ó sì kọ ìtàn ara rẹ̀ kí ó tó kú ní 2012. Mélòó ni ó rí irú àyè bẹ́ẹ̀?

Orúkọ àwọn tí a kò mọ ibojì wọn, bí 27,000, wà lára ọwọ̀n ìrántí ní Taukkyan, nítòsí Rangoon àtijọ́. Àjọ tí ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì ni ìwé orúkọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó láìsanwó.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ìdààmú wà. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ ìlú ni àwọn akọ̀wé ogun kọ tẹ̀lé orúkọ ọmọkùnrin, kì í ṣe orúkọ baba rẹ̀. Làwánì ará Ìbàdàn lè di ‘Lawani Ibadan’. Ẹni tí ó bá ń wá orúkọ ìdílé rẹ̀ yóò rò pé wọn kò kọ bàbá òun rárá.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ilé ni kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè nọ́ńbà sójà náà. NA ni ó ń ṣíwájú ti àwọn ọmọ Nàìjíríà, kò sì í yí padà bí orúkọ. Àwọn tí ó padà wálé kò sí nínú ìwé yẹn. Ìwé tí a fi tú wọn sílẹ̀ ni ẹ ó wá. Ẹ yẹ àpótí àwọn ìyá àgbà wò kí ikán tó jẹ ẹ́ tán.