Ẹ Má Dá Iṣẹ́ Dúró Nítorí Àgbọ́sọ

Nígbàkúùgbà tí a bá ń retí kọ̀ǹpútà orí tábìlì tuntun, àgbọ́sọ a gba ìgboro kan. Àwọn kan a ní ọpọlọ tí ń ṣe ìṣirò nínú rẹ̀ yóò di ìlọ́po méjì. Àwọn mìíràn a ní oṣù tí ń bọ̀ ni yóò dé. Ẹni tí iṣẹ́ kún ọwọ́ rẹ̀ a sì fọwọ́ lẹ́rán.

Èrò tiwa ni pé àṣà yìí kò dára. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2013 ni Apple gbé Mac Pro kan jáde, tí ọpọlọ rẹ̀ kò lè ju 12 lọ. Àwọn oníṣẹ́ sinimá àti orin ń retí àtúnṣe rẹ̀. Oṣù Kẹrin ọdún 2017 ni Apple ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn ń tún un rò. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni èyí tí ó lè ní ọpọlọ 28 tó dé. Ọdún 6 gbáko!

Pẹ̀lúpẹ̀lù, iye ọpọlọ nìkan kọ́ ni ń mú iṣẹ́ yá. Láti ọdún 1967 ni Gene Amdahl ti fi yé wa pé apá iṣẹ́ tí kò ṣeé pín ni yóò dá ìyókù dúró. Ènìyàn 12 tí wọ́n ní ọkọ́ kan ṣoṣo kò lè kọ ebè ju ẹnì kan lọ.

A rọ àwọn tí ń ṣe ẹ̀rọ kí wọ́n máa tètè la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ fún àwọn oníbàárà wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á, ẹ wo iṣẹ́ tí ó wà níwájú yín, kí ẹ sì ra èyí tí ó lè ṣe é lónìí. Òjò tí ó ṣú kò tó ohun tí a ń tìtorí rẹ̀ da omi àmù nù.