Ọ̀dọ̀ Ta Ni Ọmọ Yín Wà Lásìkò Ọdún Yìí?

Ẹ ka Lúùkù 2:41-52 àti Deutarónómì 6:6-7

Ilé ìwé ti gba họlidé. Àwọn ọmọ ti mú èsì ìdánwò wọn wálé. Ẹni tó ṣe dáadáa ti gba ìyìn, ẹni tó fìdí rẹmi ti gba ìbáwí, ọ̀rọ̀ sì ti tán lórí ìyẹn. Fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó wà níwájú yìí, ilé ni wọn yóò wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní fún ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré: ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ yín yóò wà?

Mo mọ̀ pé ẹ ti dá mi lóhùn: “Ọ̀dọ̀ wa ni, Pásítọ̀.” Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo Ìwé Mímọ́ ná.

Òbí rere ni Jósẹ́fù àti Màríà. Ọdọọdún ni wọ́n máa ń ti Násárẹ́tì lọ sí Jerúsálẹ́mù fún Àjọ Ìrékọjá, ìrìn tó lé ní 100 kìlómítà, bí ẹni tó fi ẹsẹ̀ rìn láti Èkó dé Ìbàdàn. Ọdún Ọlọ́run ni wọ́n lọ ṣe, wọn kò lọ sí ilé ọtí. Síbẹ̀, ní ọdún tí Jésù pé ọmọ ọdún 12, nígbà tí ayẹyẹ parí tí gbogbo èrò ń padà sílé, ọmọ wọn kò sí lára àwọn tó ń bọ̀, wọn kò sì mọ̀. Odidi ọjọ́ kan ni wọ́n fi rìn kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri láàárín ẹbí àti ojúlùmọ̀. Lúùkù kò fi ohun tó fà á pamọ́ fún wa: wọ́n rò pé ọmọ náà wà láàárín èrò tí wọ́n jọ ń lọ ni.

Ẹ dúró díẹ̀ níbẹ̀. Wọn kò kórìíra ọmọ náà, wọn kò sì gbàgbé rẹ̀. Wọ́n kàn rò pé ó wà lọ́dọ̀ ẹnìkan ni. Ó ṣeé ṣe kí Màríà máa rò pé ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ló wà, kí Jósẹ́fù náà máa rò pé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni. Bíbélì kò sọ bẹ́ẹ̀, èmi ni mo rò ó, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ọkọ àti aya fún ìgbà díẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí.

Àwọn baba wa ní ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Nínú agbo ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà, ọmọ tó bá ṣe àṣìṣe ní ìsàlẹ̀ ọjà ti gba ìfọ́tí kí ó tó délé, ilé náà yóò sì tún béèrè. Ṣùgbọ́n òwe yìí kò sọ pé kí ojú mẹ́rin àkọ́kọ́ máa sùn nígbà tí igba ojú bá là. Èrò Násárẹ́tì yẹn, igba ojú ni: ẹbí ni wọ́n, ará ìlú kan náà ni wọ́n. Kò sí ẹni tó rí ọmọ náà nínú wọn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ sì dójú ẹ̀, ojú mẹ́rin náà ló padà sí Jerúsálẹ́mù.

Ẹ jẹ́ kí n mú un wá sí àdúgbò wa. Ẹni tó bá mọ Òpópónà Àgọ́ Palace, láti Okota wọ inú Àgọ́ lọ, mọ̀ pé títì tí kì í sùn ni, pàápàá nínú oṣù Kejìlá. Ilé ìtura, ilé oúnjẹ, báńkì, ṣọ́ọ̀bù àti ṣọ́ọ̀ṣì ló tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá yà sí ẹ̀yìn títì, ilé alájà méjì mẹ́ta ló wà níbẹ̀, fúláàtì bíi mélòó kan nínú ọgbà kan, irin lójú fèrèsé, géètì tí à ń tì. Lásìkò Kérésì, ọ̀pọ̀ àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Ìgbò a di ẹrù sínú ọkọ̀, wọn a gba ìlú wọn lọ. Fúláàtì tí ariwo ọmọdé kún inú rẹ̀ lánàá a dákẹ́ rọ́rọ́. Igba ojú ti dín kù nìyẹn. Ọmọ yín tó ní ọ̀rẹ́ mẹ́rin nínú ọgbà wá ku òun nìkan pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n.

Èyí sì bọ́ sí àkókò tí ọwọ́ òbí dí jù lọ. Ẹni tó ń tajà ní Ládípọ̀, ní Àlàbá, ní Trade Fair tàbí ní Òṣòdì mọ̀ pé oṣù Kejìlá ni ọjà ń yá. Owó tí a kò bá rí nínú oṣù yìí, a kò ní rí i ní oṣù Kìn-ín-ní, bẹ́ẹ̀ oṣù Kìn-ín-ní ni owó ilé ìwé ń dúró dè wá. Télọ̀ kò sùn, nítorí aṣọ Kérésì ọmọ ẹlòmíràn wà lórí máṣínì rẹ̀. Onídìrí ń dìrí títí di òru. N kò wá sọ fún yín pé kí ẹ ti ṣọ́ọ̀bù pa. Ọ̀rọ̀ líle ni Pọ́ọ̀lù sọ nínú Tímótì Kìn-ín-ní orí 5 nípa ẹni tí kò pèsè fún ará ilé rẹ̀. Àmọ́ ẹ kíyè sí i pé oúnjẹ àti aṣọ nìkan kọ́ ni Jósẹ́fù pèsè. Ó padà rin ọ̀nà ọjọ́ kan.

Kí wá ni à ń ṣe? Òbí kan fi ọmọ sí lẹ́sìnnì họlidé láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Òmíràn gbé fóònù lé ọmọ ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ kí ó lè dákẹ́, kò sì mọ ohun tí fóònù náà ń fi hàn án lẹ́yìn tí eré àkọ́kọ́ bá parí. Òmíràn ní ọmọ ọ̀dọ̀ wà nílé. Ọmọ ọ̀dọ̀ náà, ọmọ ọdún mélòó ni? Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún 13, ọmọdé méjì ni ẹ fi sílé, ẹ kò fi àgbà kankan sílé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní ọdún 2007 kò yọ ọmọ tó ń fọ abọ́ yín sílẹ̀, Ọlọ́run náà kò yọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ rán aṣọ Kérésì fún òun náà.

Àwọn kan sì ń ti ọmọ mọ́lé. Wọ́n á fi àgádágodo há ilẹ̀kùn láti ìta, wọ́n á ní kí olè má baà wọlé. Ẹ̀yin ará, mo bẹ̀ yín ní orúkọ Ọlọ́run. Ọyẹ́ ti mú gbogbo nǹkan gbẹ. Bí iná bá ràn nínú fúláàtì tí irin wà lójú fèrèsé rẹ̀, tí àgádágodo sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn rẹ̀, ibo ni ọmọ kékeré yóò gbà jáde? Bẹ́ẹ̀ náà ni jẹnẹrétọ̀: kò gbọ́dọ̀ wà ní bákónì tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí a má sì gbé ẹyin iná èédú wọ yàrá nítorí òtútù ọyẹ́. Afẹ́fẹ́ olóró tó wà nínú èéfín wọn kò ní òórùn, a kò sì lè fi ojú rí i; ó máa ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Ẹ kọ́ ọmọ tó bá ti mọ òǹkà ní nọ́ńbà 767 àti 112 tí a fi ń pe ìrànlọ́wọ́ ní Èkó. Ẹlòmíràn lè sọ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ. Ọ̀rọ̀ orí pẹpẹ ni. Nínú Deutarónómì 22:8, Ọlọ́run pàṣẹ fún ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun pé kí ó mọ ògiri kékeré yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má baà ti ibẹ̀ ṣubú.

Ẹni tí kò fi ọmọ sílé náà, kí ó mọ irú èrò tó ń mú un wọ̀. Ní ọjọ́rú, ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọdún tí wọ́n ṣe fún àwọn ọmọdé ní ilé ìwé Islamic High School, Baṣọ̀run, Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, èèyàn 10 tún kú níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ ní ìjọ Kátólíìkì kan ní Màìtámà, ní Àbújá, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe nàka sí àwọn òbí wọ̀nyẹn lójú mi. Ọdún tí oúnjẹ wọ́n gógó ni; ìfẹ́ ni wọ́n fi mú ọmọ wọn jáde, kí ọmọ lè rí ẹ̀bùn gbà bí ọmọ olówó. Kí Ọlọ́run tù wọ́n nínú. Ṣùgbọ́n àwa tí ọmọ wa ṣì wà láàyè gbọ́dọ̀ gbọ́. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń pín nǹkan ọ̀fẹ́, tí èrò ti pọ̀ níwájú géètì kan ṣoṣo tí a kò tí ì ṣí, ẹ gbé ọmọ yín, ẹ padà sílé. Ìrẹsì tí kò sí lónìí lè wà lọ́la.

Ọ̀rọ̀ tí ó kàn yìí lè má dùn mọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi nínú. Oṣù Kejìlá ni ìpàdé ńlá máa ń pọ̀ jù. Ìjọ Rìdíìmù ní Holy Ghost Congress lójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, Winners ní Shiloh ní Ọ̀tà, Deeper Life ní Retreat. A tún ní ìsọjí àdúgbò, ìdánrawò orin Kérésì, àti ìsìn àìsùn. Mo dúpẹ́ fún gbogbo wọn, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti rí Olúwa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ibi tí Màríà àti Jósẹ́fù ti wá ọmọ wọn tì. Ìrìn-àjò ìsìn ni wọ́n wà. Ìyá tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, tó tún ń gba àlejò, tó tún ń se oúnjẹ fún ìjọ, lè wà nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan náà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láì rí i jókòó. Ẹ̀yin pásítọ̀, ẹ gba iṣẹ́ kan tàbí méjì kúrò lọ́wọ́ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Ìjọ kò ní dàrú.

Mósè sọ fún àwọn òbí ìgbà tí wọn yóò máa bá ọmọ sọ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run: nínú ìjókòó ilé, nínú ìrìn ọ̀nà, ní àsùn, àti ní àjí. Ìgbà mẹ́rin ni. Ẹ bá mi wá wọn ní Èkó. Lásìkò ilé ìwé, ọmọ ti jí ní aago márùn-ún, a ti ń pariwo lé e lórí nítorí bọ́ọ̀sì. Lọ́nà, dírẹ́bà ló ń bá a rìn. Nílé, iṣẹ́ àṣetiléwá ni. Nígbà tí a ó bá fi já ara wa gbà nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ láti Cele wọ Okota, ó ti sùn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti bọ́ lọ́wọ́ wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta Kérésì yìí ni wọ́n tún padà bọ́ sí wa lọ́wọ́.

Kò gba owó. Bí ọwọ́ bá dí títí di alẹ́, àárọ̀ ṣì wà. Kí ẹ tó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ jókòó ti ọmọ lórí ibùsùn rẹ̀, ẹ fi oríkì jí i, Àjọkẹ́ ni o, Àlàó ni. Ẹ fi ọwọ́ ara yín fi òróró pa á lára nítorí ọyẹ́, ẹ gbàdúrà kúkúrú fún un. Bí ẹ bá lè mú un lọ sọ́jà ní ọjọ́ kan, ẹ mú un lọ, kì í ṣe láti kiri, kí ó kàn jókòó tì yín kí ó sì rí ibi tí owó ilé ìwé rẹ̀ ti ń wá. Ní alẹ́, ẹ pa tẹlifíṣọ̀n. Ẹ pa àlọ́ ìjàpá kan fún un, kí ẹ wá sọ bí wọ́n ṣe bí Jésù sí ibùjẹ ẹran nítorí pé kò sí àyè ní ilé èrò. Ẹ jẹ́ kí ó béèrè ìbéèrè. Jésù tí wọ́n rí nínú tẹ́ḿpìlì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ìbéèrè ló ń bi àwọn olùkọ́. Ọmọ tó bá ní kí ló dé tí Bàbá Kérésì kì í wá sí ilé tiwa, kò ṣe àfojúdi sí yín.

Ẹ̀yin bàbá, ojú yín wà nínú ojú mẹ́rin yẹn. Nígbà tí Màríà bá ọmọ rẹ̀ wí nínú tẹ́ḿpìlì, ohun tó sọ fún un ni pé bàbá rẹ̀ pẹ̀lú òun ti ń wá a kiri tìbànújẹ́-tìbànújẹ́. Bàbá ló kọ́kọ́ dárúkọ. Ìyá mélòó ló lè sọ bẹ́ẹ̀ ní òru ọdún, tí bàbá wà níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja àrọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, tàbí ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀sán?

Ó ku alẹ́ ọjọ́ 31. Gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì Àgọ́ Palace ni yóò kún, ọkọ̀ yóò di títì pa, bángà yóò máa dún bí àwọn ọlọ́pàá tilẹ̀ ti kìlọ̀. Kí ẹ tó jáde nílé, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù yín sí ìwé pélébé, ẹ fi sí àpò aṣọ ọmọ. Kí ọkọ àti aya fi ẹnu sọ ọ́ síta, ẹni tí yóò di ọwọ́ ta ni mú nígbà àbájáde: bàbá, Táíwò, ìyá, Kẹ́hìndé. Bí ìkókó bá wà nílé tí ọyẹ́ sì ń mú un sín, kí ọ̀kan nínú yín dúró tì í. Nígbà tí aago méjìlá bá lù, kí ó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ náà, kí ó dúpẹ́ ọdún tó lọ, kí ó sì gbàdúrà sí ọdún tuntun. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe sọ fún un lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì pé kò ṣe àìsùn.