Mólùè ti kúrò l'Óṣòdì, ṣùgbọ́n owó ṣì wà lára rẹ̀

Mọ́tò ìdíje kan wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Plymouth Superbird. Lọ́dún 1970, Richard Petty, àgbà awakọ̀ nínú ìdíje NASCAR, wa èyí tó jẹ́ tirẹ̀, aláwọ̀ búlúù tó ní nọ́ńbà 43 lára. Mọ́tò náà kò pẹ́ lójú ìdíje, nítorí pé àwọn tó ń ṣètò eré náà yí òfin padà. Síbẹ̀, títí di òní olónìí, àwọn èèyàn ṣì ń pawó lórí rẹ̀. Wọ́n ń ṣe é ní kékeré, ọmọdé ń fi ṣeré, àgbà sì ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ sí pálọ̀.

Ọ̀kan lára irú mọ́tò kékeré bẹ́ẹ̀ ni èyí tí òyìnbó ń pè ní slot car. Ojú ọ̀nà oníke ló ń gbà, ihò tóóró kan wà láàárín ọ̀nà náà tí kò jẹ́ kí mọ́tò yà, irin tó ń gbé iná sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò ọ̀hún. Bí ẹni tó ń ṣeré bá ṣe tẹ ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó ni mọ́tò yóò ṣe sáré tó. Tó bá tẹ̀ ẹ́ jù ní kọ́nà, mọ́tò á fò jáde. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan, Fred Francis, ló gbé èyí tí wọ́n ń pè ní Scalextric jáde lọ́dún 1957. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ fetí sí èyí dáadáa: páànù ló fi ṣe àwọn mọ́tò rẹ̀ àkọ́kọ́, kì í ṣe ike.

Páànù kẹ̀! Ta ni kò mọ mọ́tò páànù nínú wa? Àìmọye ọmọ ló ti fi agolo mílíìkì ṣe mọ́tò, tó gé sálúbàtà tó ti gbó láti fi ṣe táyà. Mólùè gan-an, ẹsẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì tírélà Mercedes 911 ni òyìnbó ṣe. Àwọn wẹ́dà àti pánẹ́bítà wa níbí ni wọ́n kan ara rẹ̀, tí wọ́n kùn ún ní yẹ́lò, tí wọ́n fa ìlà dúdú sí i.

Ọkọ̀ yẹn ti dìtàn báyìí. Bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ l'Ékòó lọ́dún 2008. Ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ìjọba Gómìnà Fáṣọlá wó àwọn ṣọ́ọ̀bù tó gba ojú ọ̀nà l'Óṣòdì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá tuntun síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń gba Òṣòdì kọjá lónìí kò mọ bí mólùè ṣe rí.

Síbẹ̀, mọ́tò ìṣeré láti Ṣáínà, tó ní àwòrán mọ́tò Amẹ́ríkà, la ń tà. Ọjà kan náà ni gbogbo wa ń tà, àfi ká máa já owó síra wa lórí títí èrè ò fi ní sí mọ́. Àwọn kan yóò ní a ò lè bá Ṣáínà du ọjà pọ́ọ́kú. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká má bá wọn dù ú. Ohun tí wọn kò ní ni ká tà: mólùè àti dáńfó wa, fún ọmọ Èkó tó wà nílé àti èyí tó wà ní London tàbí Houston. Ẹ fi ti ọ̀ṣọ́ pálọ̀ bẹ̀rẹ̀. Tó bá yá, ẹ lè ṣe èyí tó ń sáré. Fólítì bíi 12 ni ọ̀pọ̀ slot car ń lò, bíi ti bátìrì mọ́tò, nítorí náà àìsí iná kọ́ ni yóò dá wa dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi ìkánjú ṣe é. Òfin ọdún 1970 lórí àwòrán ọjà sọ pé ohun tuntun nìkan ni wọ́n lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ pàtẹ ọjà rẹ̀ kó tó lọ forúkọ sílẹ̀ l'Abùjá lè pàdánù ẹ̀tọ́ náà. Ọdún márùn-ún ni ìforúkọsílẹ̀ náà, èèyàn sì lè sọ ọ́ dọ̀tun lẹ́ẹ̀mejì, kó fi jẹ́ ọdún 15. Òótọ́ ni pé mólùè fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti ẹnì kan. Ọnà tuntun tí ẹ bá dá sí i ni ẹ lè dáàbò bò. Orúkọ ọjà yín náà, ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ọdún 14, 14. Ẹ má sì fi àmì Mercedes sí i láìgbàṣẹ. Ẹ fá ẹnu páànù kó má gé ọmọ lọ́wọ́, ẹ má sì lo ọ̀dà tó ní òjé nínú, nítorí ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Wẹ́dà kan ò lè dá a ṣe. Ẹ jẹ́ kí wẹ́dà, ẹni tó ń kun mọ́tò àti ẹni tó mọ ọjà tà dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, kí wọ́n pín owó ìforúkọsílẹ̀ láàárín ara wọn. Bí a bá jókòó tẹtẹrẹ, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí mólùè kékeré yóò ti Ṣáínà dé sí èbúté Apápá, tí àwa tí bàbá wa kan èyí tó tóbi yóò máa fi owó rà á. Ọwọ́ ara ẹni la fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe.