Ẹni Tí Ó Dá Tíì Rẹ̀ Mu Kì í Ṣe Ahun

Ó ti sú mi láti máa gbọ́ pé ẹni tí ó bá dá jókòó ti ife tíì kan lọ́sàn-án, ahun ni, tàbí agbéraga, tàbí ẹni tí ìbànújẹ́ dé bá. Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ wo Agbabu ní ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, ìlú kékeré tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí bítúmẹ̀nì inú ilẹ̀ rẹ̀. Bí olùkọ́bìnrin kan níbẹ̀ bá parí iṣẹ́, tí ó jókòó sórí bẹ́ńṣì onítíì, tí ó sì ṣí ìwé, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ẹni kìn-ín-ní yóò bi í pé ta ni ó ṣẹ̀ ẹ́. Ẹnì kejì yóò ní ọkọ ni ó ń wá. Ta ni yóò gbà pé ó kàn ń gbádùn ara rẹ̀ ni?

Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àpèjọ ni tíì ọ̀sán àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àlejò ni wọ́n fi ń ṣe. Ìgbà tí ilé tíì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ Aerated Bread Company ṣí tirẹ̀ ní 1864, ni obìnrin tó rí ibi tí ó lè dá jókòó sí láìsí ọkùnrin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ kò sì ní bàjẹ́. A kò bí àṣà náà mọ́ wọn. Wọ́n wá àyè fún un ni.

Wọ́n tún ní Yorùbá kì í dá wà. Ẹ ṣí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó ní ìpínlẹ̀ Òndó yìí kan náà, gbé jáde ní 1938. Òǹsọ̀tàn jókòó sórí àga rẹ̀, ara tù ú, kí bàbá arúgbó nì tó dé, kí ó tó ní kí ó mú ohun ìkọ̀wé. Bí ariwo bá kún ilé ni, ta ni ì bá gbọ́ ohùn Àkàrà-ògùn? Nígbà tí ó yá, ará àdúgbò péjọ láti gbọ́ ìtàn náà. Ohun tí ẹnì kan jókòó jẹ́ẹ́ gbà ni gbogbo ìlú wá jọ pín.

Òótọ́ ni pé ọmọlúàbí a máa pín nǹkan. Búrẹ́dì ṣeé pín, tíì ṣeé pín. Ṣùgbọ́n èrò kò ṣeé pín kí ó tó jinná. A ń ráhùn pé àwọn ọmọ kò kàwé mọ́, síbẹ̀ a kì í rí ọmọ tí ó dá jókòó kí a má pè é dìde. Ibo ni kí ó ti kà á?

Àwọn bàbá wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ń jẹun a ní, "Ẹ wá jẹun." Ẹni tí ń kọjá a ní, "Á gba ibi ire," a sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ẹni àkọ́kọ́ kò ya ahun, ẹnì kejì kò yọjúràn. Bí ẹ bá rí ẹni tí ó dá ń mu tíì, ẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún un, kí ẹ sì kọjá.